Ẹ Fi Ojú Gé E Ná: Ìtọ́sọ́nà Fún Rírẹ́wọ́ Igi Bọ́ńsáì

Ẹ̀ka tí a bá ti gé lára bọ́ńsáì, ìyẹn igi tí a gbìn sínú ìkòkò tí a sì ń gé kó lè máa kéré, kò ṣeé lẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ojú fi gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́ àlùmọ́gàjí.

Ẹ gbé ìkòkò náà sórí ohun tó ga dé ojú yín, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ họ erùpẹ̀ òkè kúrò kí gbòǹgbò lè hàn. Ẹ̀gbẹ́ tí gbòǹgbò ti tẹ́ dáadáa, tí ìdí igi ti ki, tó sì ń tínrín lọ sókè, òun ni iwájú igi. Ẹ sàmì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yàwòrán igi náà bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí lọ́jọ́ iwájú. Kò dìgbà tí èèyàn bá mọ àwòrán yà.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì lórí ẹ̀ka kan, ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ sún sẹ́yìn wò ó. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ó di ọ̀la.

Èwo ni ká gé?

Bí ẹ̀ka méjì bá yọ lọ́tùn-ún àti lósì ní ojú kan náà, ẹ mú ọ̀kan kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ á wú. Àwọn tó gbé ara wọn kọjá àti àwọn tó nà ṣánṣán sókè tàbí sísàlẹ̀ kì í wuyì. Níbi tí ara igi ti tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó yọ síta ni kí ẹ̀ka ti wá. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ sábà máa ń wà níbi ìdá kan nínú mẹ́ta gíga igi láti ìsàlẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí òdìkejì, òmíràn á wà lẹ́yìn.

Ẹ má kánjú gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ tó gùn gbọọrọ o. Mo gé ti igi ọ̀dán mi àkọ́kọ́, láìmọ̀ pé òun ló ń mú kí ìdí igi náà ki. Ó dùn mí títí di òní.

Orí igi ló máa ń lágbára jù. Èròjà tó ń ti ṣóńṣó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú ẹ̀ka ìsàlẹ̀ hù. Nítorí náà, ẹ gé òkè dáadáa, kí ẹ rọra fọwọ́ kan ìsàlẹ̀. Fún ọ̀dán, ẹ jẹ́ kí ọ̀mùnú so ewé 6 sí 8, kí ẹ wá gé e ku 2. Ibi tí ewé tó gbẹ̀yìn kọjú sí ni ẹ̀ka tuntun yóò gbà. Igi páìnì àti júnípà, tí ewé wọn rí bí abẹ́rẹ́ tàbí ìpẹ́, yàtọ̀ pátápátá: ẹ̀ka wọn tí kò bá ní ewé mọ́ kì í sábà rú padà, ẹ má gé e kọjá ibi tí ewé wà.

Ẹ má mú ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì pààrọ̀ ìkòkò lásìkò kan náà. Igi tó ń ṣàìsàn, ẹ jẹ́ kó gbádùn ná.

Bí ẹ̀ka ńlá bá kúrò, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ jin wọnú díẹ̀, kí ibẹ̀ lè tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí èèpo bá bò ó. Oje funfun tó bá ń jáde lára ọ̀dán, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.