Ta Ni Kó Gbé Ẹ̀dà Tuntun Jáde?

Ká ní ẹ̀yin bíi márùn-ún lẹ jọ ń kọ áàpù open source kan (èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí kóòdù rẹ̀, kó sì lò ó) ní Ẹ̀pẹ́, tí àwọn ẹlẹ́ja Ọjà Olúwo fi ń ṣírò owó ọjà. Gbogbo yín lẹ ni kóòdù, àmọ́ fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ṣoṣo ni kó di ìgbéjáde mú. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹni tó mọ kóòdù kọ jù. Ẹni tó lè wojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó ní “ó di ẹ̀dà tó ń bọ̀” ni kí ẹ wá. Ní Linux, ètò open source ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà, Linus Torvalds ló ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde; Greg Kroah-Hartman ló ń bójú tó àtúnṣe àwọn tó ti jáde.

Ẹ yan igbákejì, kí òun náà ní kọ́kọ́rọ́ GPG tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń buwọ́ lu ẹ̀dà. Ẹ tẹ kóòdù tí wọ́n fi ń gba àkáǹtì padà sórí bébà: fóònù lè bọ́ sí ọ̀sà nígbàkigbà.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni tó di ìgbéjáde mú bá kéde pé àwọn ò gba ohun tuntun mọ́, àfi àtúnṣe àṣìṣe. Nínú git, ohun èlò tó ń tọ́jú ìyípadà kóòdù, kó ya ẹ̀ka sọ́tọ̀ pẹ̀lú git switch -c release-1.4, kó fi àmì (tag) v1.4.0-rc1 sí i (rc ni ẹ̀dà ìdánwò), kó sì fún ẹlẹ́ja díẹ̀ lò fún ọ̀sẹ̀ kan, pàápàá àwọn tó ń lo fóònù àtijọ́. Bí àṣìṣe bá yọ, rc2 ló kàn. Kó má ṣí rc1 nípò o: git kì í fúnra rẹ̀ pààrọ̀ àmì tó ti wà lọ́wọ́ èèyàn, orúkọ kan á wá di ohun méjì.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti lọ déédéé, kó tẹ git tag -s v1.4.0 láti fi àmì tó ní ìbuwọ́lù sí i, lẹ́yìn náà git push origin v1.4.0 láti gbé àmì náà lọ. Git push lásán kì í gbé àmì lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀.

Kó má kó fáìlì ìgbéjáde jọ láti inú fódà tó fi ń ṣiṣẹ́. Clone tuntun, ìyẹn ẹ̀dà kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi git fà wá, ni kó lò. Lọ́dún 2024, àkójọ fáìlì xz (ohun èlò tó ń fún fáìlì pọ̀) 5.6.0 àti 5.6.1 ní ohun kan nínú tí kò sí nínú git, òun ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún iṣẹ́ ibi. Ẹni tí wọ́n fún láṣẹ ìgbéjáde ló fi í síbẹ̀. Nítorí náà, kí igbákejì kó tirẹ̀ jọ láti orí àmì kan náà, kí àwọn méjèèjì fi sha256sum, àṣẹ tó ń ṣírò nọ́ńbà ìdánimọ̀ fáìlì, wé e. Bó bá yàtọ̀, ẹ dúró kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Nígbà míì, àkókò tí wọ́n kó o jọ tó wọnú fáìlì lásán ni.

Ẹ má ṣe é lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí nǹkan bá dàrú ní Sátidé, ta ló fẹ́ gbé ìpè? Bí 1.4.0 bá sì jáde pẹ̀lú àṣìṣe, ẹ má rọ́pò rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. 1.4.1 ni kí ẹ gbé jáde, pẹ̀lú versionCode (nọ́ńbà ẹ̀dà inú áàpù Android) tó ga ju ti tẹ́lẹ̀, torí Google Play kì í gba èyí tí ẹ ti lò rí.