Bí A Ṣe Ń Jẹun ní Ilé Búrẹ́dì Àdúgbò

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ adùn búrẹ́dì Agége gan-an, ibi tí wọ́n ti ń yan án ni kí ó jókòó sí. Ní Èkó, a máa ń rí ilé búrẹ́dì tí ó gbé bẹ́ńṣì síwájú, tí ìyá ẹlẹ́wà sì pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àkókò ṣe pàtàkì ju ohunkóhun lọ. Ẹ kọ́kọ́ kí ẹni tí ń tajà, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí búrẹ́dì ń jáde, nítorí ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ní wákàtí tirẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde, ẹ má tíì bù ú, torí pé inú rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí ó rọlẹ̀ títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ wá fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: èyí tí ó dára yóò wọlé, yóò sì tún padà sí ipò rẹ̀.

Ohun tí ó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn alábúrẹ́dì máa ń ti ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò gba àárín irin olóyìípo méjì lọ́pọ̀ ìgbà, títí yóò fi dán tí yóò sì máa fà, kí wọ́n tó gé e sínú páànù gígùn. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, tí ó sì dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ebúté Mẹ́ta ní 1921, wà lára àwọn tí wọ́n sọ búrẹ́dì di oúnjẹ ojoojúmọ́ ní Èkó.

Ní tèmi, kò sí ohun tí ó bá búrẹ́dì yìí mu tó ẹ̀wà àgànyìn. Kí ẹ̀wà náà rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí síbí yóò fi tẹ̀ ẹ́ fọ́. Kí ata rẹ̀, tí a fi ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà dín nínú epo pupa, dúdú láì jóná. Ẹ ní kí ìyá bu ata náà sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì. Ọwọ́ ni kí ẹ fi já a, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀wà, kí ẹ sì rì í bọ inú ata. Owó ẹ̀wà sábà máa ń yàtọ̀ sí ti búrẹ́dì, nítorí ọjà ẹlòmíràn ni.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé díẹ̀ lọ sílé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n di í sínú ọ̀rá nígbà tí ó ṣì gbóná, nítorí yóò làágùn, yóò sì tètè bu. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, lára ọ̀rá náà pẹ̀lú, torí àjọ yìí ti fi òfin de potassium bromate, kẹ́míkà tí àwọn kan ń fi sínú búrẹ́dì kí ó lè wú, ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀. Ẹ má gbé èyí tí ó bá ṣẹ́kù sínú fìríìjì, ibẹ̀ ni ó ti ń tètè gan; orí tábìlì, nínú aṣọ mímọ́, ni kí ó wà títí di ọjọ́ kejì.