Orin Kérésìmesì Tó Dàgbà Ju Màmá Àgbà Lọ

Lọ́dún tó kọjá, orúnkún kò jẹ́ kí Màmá Àgbà lè lọ síbi ìsìn orin Kérésìmesì. Akọrin ni wọ́n láti ìgbà ọmọge, áltò ni wọ́n sì máa ń gbà. Mo bá ní kí n gbé orin lọ bá wọn nílé ní Kúdẹtì. N kò fẹ́ kó jẹ́ irú èyí tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù Dùgbẹ̀ ti ń lù láti oṣù kọkànlá. Ohùn àwọn tó ti kọrin sílẹ̀ kí wọ́n tó bí Màmá ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ibi méjì ni mo ti rí i: National Jukebox ti Library of Congress ní Amẹ́ríkà, àti ilé ìkàwé Yunifásítì California ní Santa Barbara, níbi tí wọ́n ti gbé ohùn orí ìda tó lé ní 10,000 sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí àwo pẹlẹbẹ tó gbòde, ìda róbótó tó rí bí agolo ni wọ́n ń gba ohùn sí. Bíi ìṣẹ́jú méjì péré ló ń gbà, kó tó di 1908 tí wọ́n ṣe èyí tó ń gbà tó mẹ́rin. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Òru ni mo fi ń fà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà, torí dátà òru kò wọ́n.

Ìgbà àkọ́kọ́ kò dára rárá. Mo so ó mọ́ sípíkà ńlá, ohun tó sì jáde dà bí ìgbà tí wọ́n da àkàrà sínú epo gbígbóná. Màmá fọwọ́ bo etí. Ó dùn mí, torí mo mọ̀ pé ènìyàn wà lábẹ́ ariwo yẹn.

Ìgbà tí mo wádìí bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ ni mo tó mọ ohun tí n óò ṣe. Kó tó di 1925, kò sí máíkì nínú iṣẹ́ náà. Iwájú ìwo ńlá kan ni akọrin ń dúró sí, agbára ohùn rẹ̀ gan-an ló ń ti abẹ́rẹ́ tó ń ya ìlà sára ìda. Bí ó bá fẹ́ ké sókè, á fà sẹ́yìn. Bí ohùn bá fẹ́ rọlẹ̀, á tún sún mọ́ ìwo. Báàsì tó jinlẹ̀ kò lè wọ ibẹ̀, ohùn tó tín-ín-rín jù náà kò lè wọ̀ ọ́. Ìyẹn ni pé ohun tí à ń gbọ́ ní ìsàlẹ̀ pátápátá àti ní òkè pátápátá, ariwo lásán ni. Mo ṣí Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, mo gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 150 Hz àti èyí tó kọjá 5,000 Hz (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó). N kò rí i pé akọrin kankan pàdánù nǹkan kan. Mo tún fi sípíkà kékeré rọ́pò ńlá.

Ìṣòro kejì ni eré. Àwo ìgbà yẹn kì í fi gbogbo ìgbà yí ní ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gọ́rin (78) gẹ́lẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ohùn àgbàlagbà a máa dún bíi ti ọmọdé nígbà mìíràn. Bí ẹ bá dín eré rẹ̀ kù lórí fóònù, orin á falẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn náà á ṣì ga bákan náà. “Change Speed and Pitch” ti Audacity ló ń mú méjèèjì wálẹ̀ pọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún ni mo lù ú. Mo fi orin Haydn Quartet, ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin mẹ́rin, ti 1905 bẹ̀rẹ̀. Ohùn mẹ́rin ti fẹ́ pọ̀ jù fún ìwo kan, ọ̀rọ̀ wọn kò já gaara. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló ń dára jù: John McCormack, akọrin ará Ireland, ti 1915, àti Caruso, akọrin ọ́pẹ́rà ará Italy, tó kọ orin Kérésìmesì ní èdè Faransé ní Camden ní oṣù kejì 1916, nígbà tí ọdún ti lọ tipẹ́.

Mo ki orin Yorùbá kan bọ àárín, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ti Kérésìmesì. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ló kọ ọ́. London ni wọ́n ti gba orin 43 sílẹ̀ lẹ́nu wọn fún Zonophone, ilé iṣẹ́ àwo orin, ní 1922. Màmá dìde jókòó dáadáa. “Ẹ̀gbá lèyí,” ni wọ́n wí, kí n tó sọ ẹni tó ń kọrin.

Èyí tí mo fi parí ni ti 1925, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ akọrin kọ ní Metropolitan Opera House ní New York nígbà tí máíkì ti dé. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Mo rò pé ibẹ̀ ni inú Màmá yóò ti dùn jù.

Wọ́n ní, “Àkànní, dá a padà sí ti ìyá yẹn.”

Ernestine Schumann-Heink, akọrin ọ́pẹ́rà tí mo ti lù ṣáájú, ni wọ́n ń wí, ní 1908, lórí “Stille Nacht” (“Silent Night”) ní èdè Jámánì. Ohùn ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀, ó wúwo, ó sì tutù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo dá a padà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, Màmá di ojú, wọ́n sì gba áltò sí i ní Yorùbá.