Bí A Ṣe Ń Wọn Másùnmáwo Lára Ẹṣin Ojúde Ọba

Bí ẹṣin ìdílé Balógun bá ń jó lójúde Awùjalẹ̀, tí ìbọn ń dún létí rẹ̀, àwọn òǹwòran á ní orí ẹṣin yìí mà yá o. Ó lè jẹ́ orí yíyá lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ ìpáyà. Òǹkà ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ẹ ti gbọ́dọ̀ máa wọn ẹṣin yín láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, láàárọ̀ kùtù, ní wákàtí kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó di gàárì mọ́ ọn. Ẹni tó mojú rẹ̀ ni kó wọ̀n ọ́n. Láìsí òǹkà ìsinmi yìí, òǹkà ọjọ́ ọdún ò ní ìtumọ̀.

Ìlù ọkàn la kọ́kọ́ ń kà. Ẹ fi ìka méjì wá abẹ́ eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Iṣan kan wà níbẹ̀ tó ń yọ̀ bí okùn lábẹ́ awọ. Ẹ má lo àtàńpàkò, ó ní ìlù tirẹ̀. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, torí bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ìlù á parẹ́. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹṣin àgbà tó sinmi máa ń wà láàárín 28 sí 44. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìgbọ́yà dókítà lẹ fi ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ìgúnpá òsì, ìró méjì tó tẹ̀ léra, ẹyọ kan ni. Ẹni tó bá yà wọ́n kà á ní 76 lára ẹṣin 38.

Èémí, 8 sí 16 ní ìṣẹ́jú kan. Ìhà ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ sí imú rẹ̀, á máa gbọ́ òórùn ọwọ́ yín, òǹkà á sì bàjẹ́.

Ìgbóná ara, 37.2 sí 38.3. Ẹ so okùn mọ́ tẹmómítà, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Kí ẹnu tẹmómítà kan ara inú ihò ìdí. Bó bá wọ inú ìgbẹ́, òǹkà tó kéré ju ti òótọ́ lọ lẹ máa rí.

Ẹ wo ojú náà: etí tó le sẹ́yìn, ìpéǹpéjú tó fún, ihò imú tó le, ẹnu tó há débi pé àgbọ̀n rẹ̀ yọ ṣóńṣó. Àmì másùnmáwo tàbí ìrora ni wọ́n, ìgbẹ́ tó ń ṣàn lemọ́lemọ́ náà wà lára wọn.

Lọ́jọ́ náà, tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ tú gàárì, ẹ mú un lọ síbi ìbòji, ẹ bu omi sí i lára, kí ẹ kà á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 àti 20. Bí gbogbo òǹkà bá ga, ooru àti iṣẹ́ ni. Bí ìlù ọkàn nìkan bá ga, tí ara ò gbóná, ẹ fura sí ìbẹ̀rù tàbí ìrora: ẹ wo abẹ́ gàárì, ẹnu tí ìjánu wà, àti pátákò. Bí ìlù ọkàn bá ṣì ju 64 lọ ní ìṣẹ́jú 20, kí ẹnikẹ́ni má gùn ún mọ́ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran.

Àyẹ̀wò kọ́tísọ́ọ̀lù, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà másùnmáwo, nínú itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó máa ń ga láàárọ̀, abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ sì ń dẹ́rù ba ẹṣin. Ti inú ìgbẹ́, nǹkan àná ló ń sọ. Ẹ má sì fi òǹkà ẹṣin wọn àgbò Iléyá o: ara àgbò gbóná ju ti ẹṣin lọ, 39 kì í ṣe àìsàn fún un.