Ìrírí mi: Òkun tó sá kúrò lẹ́sẹ̀ Harlech

60 pọ́n-ùn ni mo kó fún ẹnì kan tó ní òun mọ ìtàn Wales bí ẹní mowó, pé kó bá mi kọ ìtàn ilé olódi Harlech fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Yorùbá ní London lọ́jọ́ Sátidé. Ojú ewé méjì péré ló fi ránṣẹ́, ó sì ti da Harlech pọ̀ mọ́ Conwy, ilé olódi mìíràn ní Wales! Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun alẹ́. Mo ní màá kọ ọ́ fúnra mi.

Ìbẹ̀rẹ̀ kò le. Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣẹ́gun Wales, tó ní kí wọ́n kọ́ ilé náà sórí àpáta. James ti St George, ọ̀gá mọlémọlé láti Savoy, ilẹ̀ kan lẹ́bàá òkè Alps ní Yúróòpù, ló darí iṣẹ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1289.

Òkun ló dá mi dúró. Nígbà tí Madog ap Llywelyn, aṣáájú kan ní Wales, ṣọ̀tẹ̀ sí Edward ní 1294, tí àwọn ará Wales dó ti ilé náà, ọkọ̀ ojú omi láti Ireland ló ń gbé oúnjẹ wá fún àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwòrán tí mo wò, òkun jìnnà! Pápá àti ilé ló wà lẹ́sẹ̀ àpáta. Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ gbà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kọ ìpínrọ̀ kan, tí mò ń pa á rẹ́, torí mo mọ ọmọ tó máa bi mí.

Nígbà tó sú mi, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀. Owó ọkọ̀ yẹn ju 60 pọ́n-ùn àkọ́kọ́ lọ, ó sì dùn mí. Mo gun orí ògiri, mo wo ìsàlẹ̀: àtẹ̀gùn tó ju 100 lọ ló gba ara àpáta sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹnubodè omi, kò sì sí omi níbẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ àpáta yẹn ni òkun ń dé láyé Edward. Iyanrìn ló tì í sẹ́yìn. Mo pariwo lórí ògiri níbẹ̀!

Ọ̀sán kan ni mo fi kọ ìyókù: Owain Glyndŵr, olórí ọ̀tẹ̀ àwọn ará Wales, gbà á ní 1404, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á padà ní 1409, àwọn ará Lancaster, ẹgbẹ́ kan nínú ogun tí wọ́n fi du adé Gẹ̀ẹ́sì, dì í mú láti 1461 di 1468.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ kọ irú ìtàn yìí, ọ̀nà tí oúnjẹ gbà wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá orúkọ ọba. Ẹ má sì san gbogbo owó ṣáájú. Ojú ewé mẹ́fà ni tèmi, àwọn ọmọ náà kà á tán láìdúró. Ẹni tó gbowó mi kò gbé fóònù mi títí di òní.