Bí A Ṣe Ń Dín Ariwo Jẹnẹrétọ̀ Kù Láìdí Ọ̀nà Afẹ́fẹ́

Ó máa ń ya ẹni tó kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù fún jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lẹ́nu pé ariwo náà ò fi bẹ́ẹ̀ dínkù. Ògiri kọ́ ló jẹ̀bi. Ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tó sì ń gbà jáde, ni ariwo ń bá lọ. A ò sì gbọdọ̀ dí i pa: ẹ́ńjìnnì tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tútù yóò gbóná títí yóò fi nọ́ọ̀kì.

Ẹ fa ihò náà gùn. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí pákó tó nípọn ṣe ọ̀nà bí àpótí gígùn sí ojú rẹ̀, kí ẹ wá tẹ́ ohun rírọ̀ tó ń fa ariwo mu sí inú rẹ̀ yíká. Rockwool, òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe, ni mo fara mọ́ jù, nítorí kì í gbaná. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ń gbaná kíákíá. Ẹ má dán an wò. Ní ti kéréètì ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri, asán ni.

Òwú tó fẹ́lẹ́ ń pa ohùn tó ń han nìkan. Ohùn tó ń kù rìrì ni ti ẹ́ńjìnnì, nítorí náà kí òwú yín nípọn tó mìlímítà 50, 100 sì sàn jù ú lọ. Ẹ ṣe àpótí náà tóbi, kí àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn títẹ́ òwú má kéré sí ihò àkọ́kọ́. Kí ọ̀nà náà ya kọ́nà lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán: níbi tí ojú bá ti lè rí ẹ́ńjìnnì láti ìta, ariwo náà ń ráyè jáde tààrà. Páànù tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára ni kí ẹ fi bo òwú. Ẹ má kùn ún lọ́dà, ẹ má sì rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ bo imú, bí ẹ bá ń gé e.

Páìpù sàláńsà ò gbọdọ̀ gba inú ọ̀nà yìí. Irin ni kó jẹ́, kó gba ojú tirẹ̀ jáde. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide, tí kò lóòórùn, tó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí báránda láé. Kó jìnnà sí fèrèsé ní mítà 6, ó kéré tán.

Àwọn olùsìn adìyẹ, ẹ kọ ẹnu ọ̀nà náà sí ibòmíràn, kó má kọjú sí àwọn ẹyẹ yín tàbí aládùúgbò. Ẹ da páànù bo ẹnu rẹ̀ lókè nítorí òjò, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wáyà dènà eku. Òwú tó bá rin gbindin kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.