Bí InDesign yóò ṣe máa rántí àyè fèrèsé ìwé yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń to ìwé ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Ẹni tó bá ń fi InDesign, app ìtòwé, to ìwé ètò wòlíìmà, tí Yorùbá wà nínú fáìlì kan, tí Lárúbáwá wà nínú èkejì, mọ wàhálà yìí dáadáa: bí iná bá lọ tó sì dé, a óò tún máa wọ́ fèrèsé kiri. Workspace, ìyẹn ètò ojú iṣẹ́ InDesign, kò lè gbà wá, torí ibi tí àwọn panel (àpótí irinṣẹ́) wà ló ń pa mọ́.

Script kékeré, ìyẹn fáìlì àṣẹ tí InDesign ń tẹ̀lé, ló máa ṣe é. Fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní bounds, nọ́ńbà mẹ́rin: òkè, òsì, ìsàlẹ̀, ọ̀tún. Ní beforeSave, ìyẹn kí InDesign tó sèéfù ìwé, ẹ fi àṣẹ insertLabel kọ wọ́n sínú ìwé náà bíi label, àkọsílẹ̀ tí kò hàn lójú ewé. Ní afterOpen, ìyẹn lẹ́yìn tí ìwé bá ṣí, ẹ fi àṣẹ extractLabel kà wọ́n, kí ẹ dá fèrèsé padà sí àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni label ń gbà, nítorí náà ẹ fi kọ́mà so nọ́ńbà wọ̀nyẹn pọ̀. Ìwé tí kò bá ní label, kí script fò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo beforeClose, ìyẹn kí ìwé tó tì, dípò beforeSave: kíkọ label máa ń yí ìwé padà, nítorí náà ìwé tí ẹ ti sèéfù tán á tún máa bi yín bóyá kí òun sèéfù.

Ẹ kọ #targetengine "session" sí òkè script pátápátá, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi ti InDesign, kí ẹ sì fi fáìlì náà sínú fódà startup scripts, tí InDesign ń ṣí fúnra rẹ̀ bó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún yọ àmì kúrò lára Open Documents as Tabs nínú Preferences, lábẹ́ Interface, kí fèrèsé kọ̀ọ̀kan lè dá dúró.